Níbo Lo Ti Rí I?

Ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ń wọ̀ ní Marina Àgbádárìgì kó tó dé Gberefu. Ọ̀sà ló wà láàárín, kì í sì í pẹ́ tí ọkọ̀ fi ń gúnlẹ̀. Abúlé apẹja ni, lórí ilẹ̀ tóóró kan tí ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, tí òkun wà níwájú. Àwọn Ògù, tí àwa Yorùbá máa ń pè ní Ègùn, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹja àti àgbọn ni wọ́n fi ń jẹun. Láti etí ọ̀sà, ọ̀nà oníyanrìn kan gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, ó gba abẹ́ igi àgbọn kọjá, ó sì já sétí òkun. Ọ̀nà yẹn làwọn àlejò ń tìtorí rẹ̀ wá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín, torí pé ẹsẹ̀ làwọn tí wọ́n tà lẹ́rú fi rìn ín, nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, lọ síbi tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń dúró dè wọ́n.

Yanrìn náà kì í jẹ́ kéèyàn yára. Bí ẹsẹ̀ kan bá jáde, èkejì á rì. Bí oòrùn bá sì ti mú, bàtà kò fi bẹ́ẹ̀ gbani. Mo rìn ín pẹ̀lú fìlà lórí àti omi lọ́wọ́, ó sì rẹ̀ mí. Mo wá ń ro ti ẹni tí wọ́n fi irin dí lẹ́nu, tí wọ́n so ọrùn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọrùn ẹni tó wà níwájú, tó jẹ́ pé bí ẹni iwájú bá kọsẹ̀, òun náà á ṣubú.

Kí a tó dé òkun, kànga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn tó ń mú àlejò kiri sọ pé wọ́n ti fi oògùn sómi rẹ̀, pé ẹrú tó bá mu ún á gbàgbé ilé, ara rẹ̀ á sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ, àwọn ọ̀dọ́ kan ti ṣáájú wa débẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ orin dání. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ kànga náà, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n bu omi náà fóun kóun lè gbàgbé gbèsè tóun jẹ, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rá píọ wọ́tà wà nílẹ̀ láti ibẹ̀ lọ títí dé etíkun, níbi tí wọ́n ti kọ́ ohun ìrántí sí ibi àlọ rámirámi. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni wọ́n, ẹni tí wọn kò bá sì sọ fún kò lè mọ̀. Ohun tó dùn mí jù wà ní òdì kejì ọ̀sà, nínú ilé àwọn àgbà.

Ilé méjì wà ní Àgbádárìgì tí n kì í lè ro ọ̀kan kí n má ro èkejì. Àkọ́kọ́ ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì CMS ní Marina, èyí tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1845, tí wọ́n ń pè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn míṣọ́nnárì tó dé sí Àgbádárìgì lọ́dún yẹn kan náà. Ìkejì ni ilé Ṣèríkí Williams Abass, tí wọ́n kó ẹrú pamọ́ sí kí ọkọ̀ tó dé.

Ọmọ Òṣogùn ni Àjàyí. Ọdún 1821 ni ogun ja ìlú wọn, wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní Ìsẹ́yìn, ẹṣin ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí pàṣípààrọ̀ náà fi yẹ̀, wọ́n bá dá ọmọ padà, wọ́n gba ẹṣin wọn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí ó wọ inú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù kẹrin ọdún 1822, tí wọ́n kó wọn lọ sí Freetown. Nígbà tó fi máa padà wá bí àlùfáà, tó gba Àgbádárìgì kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ó ti tó bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí òun àti ìyá rẹ̀ ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti pàdé, lọ́dún 1846.

Ọmọ Jọ́gà-Orílé, lágbègbè Ìlaròó, ni Ṣèríkí. Wọ́n kó òun náà lẹ́rú lọ́mọdé, ó dé Bràsíl, ó kọ́ èdè àwọn òyìnbó, ó sì padà wálé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé orúkọ méjèèjì tí a mọ̀ ọ́n mọ́, orúkọ àwọn tó rà á ni: Abass rà á, lẹ́yìn náà Williams rà á. Ó gbé orúkọ àwọn olówó rẹ̀ padà, ó tẹ̀dó sí Àgbádárìgì, ó sì di oníṣòwò ẹrú. Wọ́n ní ogójì yàrá ló wà nínú àgbàlá rẹ̀, tí wọ́n ń há ogójì èèyàn mọ́ inú yàrá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kú lọ́dún 1919, èèyàn ńlá ni, olóyè ni, olórí ẹ̀sìn ni. Ibojì rẹ̀ ṣì wà nínú ilé náà.

Ọmọ méjì tí wọ́n tà. Ọ̀kan padà wá wàásù, ọ̀kan padà wá tà. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tí ìyà ti jẹ rí kì í fìyà jẹ ọmọnìkejì. Ẹni bá rìn láti ilé kan dé èkejì ní Àgbádárìgì kò ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyà nìkan kì í kọ́ni láàánú. Àwọn tí Àjàyí bọ́ sí lọ́wọ́ ní Freetown, bó ti wù kí àṣìṣe wọn pọ̀ tó, gbà pé èèyàn kì í ṣe ọjà, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìlú tí Ṣèríkí padà sí, owó ló ń wò.

Àwọn tó ń mú ni wo ilé Ṣèríkí máa ń nawọ́ sí àwọn ẹrù tí òyìnbó fi san owó: abọ́ tánganran, ohun èlò ọtí, agboòrùn. Wọ́n ní agboòrùn kan, ogójì èèyàn. Bí iye náà bá tiẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, tàbí ẹyọ kan péré, kí ló yí padà níbẹ̀? Mo dúró ti agboòrùn yẹn pẹ́. Ohun tí mo ń rò ni ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i níta. Ó dájú pé àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e. Ó dájú pé onílù sún mọ́ ọn, pé àwọn àgbà kí olówó rẹ̀ kú orí ire, pé àwọn ìyàwó ilé sọ fún ọkọ wọn pé ẹ ò rí nǹkan tí ẹgbẹ́ yín gbé dé. N kò rò pé ẹnì kan nínú wọn béèrè ibi tó ti rí i. Wọn kò béèrè torí pé wọ́n mọ̀. Àwọn tí wọ́n fi rà á ti gba iwájú ilé wọn kọjá lọ sétí omi.

Ọjà Vlekete náà wà nínú ìlú, níbi tí wọ́n ti ń ná ọmọ èèyàn bí ẹni ń ná àgbàdo. Àwọn tó wá tajà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Yorùbá tó kó ẹrú ogun Yorùbá wá. Ìdílé Mobee wà lára àwọn ìdílé ńlá tó ṣòwò náà. Àwọn ọmọ wọn ló tọ́jú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti irin ìdènu tí bàbá ńlá wọn lò, wọ́n kó o sínú ilé kan, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Mo gbé ọ̀kan níbẹ̀. Ó wúwo ju bí ojú ti ń wò ó lọ. Ìpẹtà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi látẹ́lẹwọ́, òórùn irin náà kò sì tètè lọ bí mo tilẹ̀ fọwọ́. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún ìdílé yẹn pọ̀. Wọ́n lè kó gbogbo rẹ̀ dà sí ọ̀sà lóru, kí wọ́n máa jẹ́ ọmọ olóyè lọ láìsí ẹ̀gàn. Dípò bẹ́ẹ̀, ọmọ inú ilé ń sọ fún àlejò pé owó tí wọ́n fi ń pè wá ní olówó nígbà náà, ibi tó ti wá rèé.

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí ìyá bá rí ọmọ pẹ̀lú bírò tuntun, tàbí ó rí i tó ń lá súìtì tí òun kò rà fún un, yóò fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Níbo lo ti rí i? Ìdáhùn nìkan kì í tó. Bí o bá ní ọ̀rẹ́ ló fún ọ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ lọ sílé ọ̀rẹ́ náà, ìyá rẹ̀ á sì jáde wá jẹ́rìí. Bó o bá ní o rí i he ni, wàá mú un lọ síbi tó o ti rí i, wàá gbé e síbẹ̀. Ojú máa ń tini, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ó ti wọ̀ wá lára, títí tó fi di pé ká tó mú nǹkan wọlé, a ti kọ́kọ́ bi ara wa. Àwọn àgbà sì máa ń sọ ọ́ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Inú òwe yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Olè kan ṣoṣo kò lè ṣe é. Ó nílò ẹni tí yóò nawọ́ gbà á nísàlẹ̀.

Lójú ọ̀nà Gberefu yẹn kan náà, bí a ti ń darí bọ̀ láti etíkun, ọmọdékùnrin kan ń ta àgbọn lábẹ́ igi. Ìyá àgbà kan nínú wa ra ẹyọ kan, ó fún un ní ẹgbẹ̀rún náírà, ó ní kó máa mú ṣéńjì lọ. Ọmọ náà sáré lọ sílé. A ò tíì rìn jìnnà tá a fi gbọ́ ìpè lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ni, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ìyẹ̀fun gàrí ṣì wà lára ìró rẹ̀.

“Ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún ọmọ yìí lówó nínú yín?”

“Èmi ni, Ìyá. Mo ní kó máa mú ṣéńjì ẹ̀ ni.”

“Ẹ ṣé, mà. Ẹ má bínú o, kì í ṣe pé mo fẹ́ dá a padà fún yín. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni.” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ó yá, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.”

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí yanrìn gbígbóná. Àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní nítorí ẹgbẹ̀rún kan péré. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ kú àlejò, ó mú ọmọ rẹ̀, ó padà sídìí gàrí tó ń yan.

Àwọn kan á ní, ṣé àwọn bàbá tó ta èèyàn ni mo wá fẹ́ fi ṣe àríkọ́gbọ́n fún wa? N kò sọ pé ayé àtijọ́ dára ju tòní lọ. Kò sẹ́ni tó lè rin ọ̀nà yẹn tán kó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ìbéèrè náà wà nígbà náà, àmọ́ wọn kì í bi gbogbo èèyàn. Bàbá tó máa na ọmọ nítorí iṣu kan tó yọ lóko olóko, bàbá yẹn kan náà ló ń kí olówó agboòrùn. Tálákà ni wọ́n ń bi, ọmọdé ni wọ́n ń bi. Ìwà tó ń bà jẹ́ lójú wa yìí, ó ti pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fo ẹnì kan torí pé ọwọ́ rẹ̀ kún ló bẹ̀rẹ̀. Tiwa ni pé a ti pa ìbéèrè náà tì fún gbogbo èèyàn báyìí, àti olówó àti ọmọ.

Àwọn Ògù ní Zangbeto, ọlọ́dẹ òru tó fi ìko bora láti orí délẹ̀. Nígbà àwọn bàbá wọn, bí ó bá ti jáde lóru, olè mọ̀ pé iṣẹ́ kò sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Lónìí, àwọn àlejò mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń yí gbirigbiri lójú agbo, tí wọ́n máa ń gbé ìko rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn rí i pé kò séèyàn nínú rẹ̀. Inú mi dùn pé ọmọdé ṣì ń rí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò ju òru lọ, àní nígbà tí agbára rẹ̀ pé pérépéré. Olè tó ń fọ́ ilé ló ń mú. Èyí tó bá fi ọ̀sán gangan wọlé, tó gbé mọ́tò wá síwájú ilé, tó ra aṣọ fún ìyá àti bàbá, ará ilé nìkan ló lè mú un, ẹnu lásán ni wọ́n sì máa fi mú un.

Mo mọ àwọn ilé tí wọ́n ti pa ẹnu wọn mọ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún tí kò ṣiṣẹ́ kan tí a mọ̀ gbé ọkọ̀ ńlá dé, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́, àlùfáà ní kí ìjọ fi orin jó pẹ̀lú wọn. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé Yahoo ló ń ṣe. Àwọn tó lù ní jìbìtì, ẹnì kan ni wọ́n jẹ́ níbì kan: opó kan, arúgbó kan tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ojú wọn kò sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí ojú àwọn ogójì yẹn kò ti sí lára agboòrùn. Ní ìlú mìíràn, wọ́n fi oyè dá ẹni tó kó owó oògùn ilé ìwòsàn jẹ lọ́lá, wọ́n sì ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ọmọ rere.

Ọ̀nà ẹrú pàápàá kò parẹ́. Àgbádárìgì kò jìnnà sí Sèmè, níbi tí ilẹ̀ wa ti bá ti Benin pààlà. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ báyìí tí wọ́n ti ń mú àwọn ọmọbìnrin gba àwọn ẹnubodè wa kọjá, pé wọ́n fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ tàbí iṣẹ́ irun, tí wọ́n sì ń bá ara wọn ní Líbíà tàbí ní Mali lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ti sanwó lé wọn lórí. Òfin wà. Ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó dá NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn tó ń ta èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó wọn lọ, lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rẹ́ ẹbí ni, àǹtí kan tí gbogbo ilé mọ̀ ni. Òun ló gbé ìrẹsì wá lọ́dún Kérésì. Òun ló san owó ìsìnkú ìyá àgbà. Nígbà tó fi máa ní kí wọ́n fún òun ní ọmọ kan kóun bá wọn tọ́, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ tún lè gbà á láti béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín nídìí kànga kò bà mí lẹ́rù bí àgbà tó ń gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó ń súre. Àwọn tó ń mú àlejò rìn ní Gberefu sọ fún mi pé ohun tí àwọn àlejò sábà máa ń béèrè ni iye tí òyìnbó kó lọ àti bí òyìnbó ṣe burú tó. Òyìnbó burú, ó sì yẹ ká sọ ọ́ láì gbojú bọ̀rọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ìwé tí wọ́n bá kó wá sójú ọ̀nà yẹn, tí kò sì gbọ́ pé àwọn ará ilé ló mú wọn wá sétí omi, ìdajì ìtàn ló gbé lọ, ìdajì tí kò kàn án.

Nígbà tí mo dé láti Àgbádárìgì, ìpàdé ẹbí ló kàn. Òrùlé ilé ńlá wa ti ń jò láti ọdún tó kọjá, páànù kò sì ṣeé rà bọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ ilé wa kan, ọmọ rere tí mo gbé lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bí i, ránṣẹ́ pé òun máa san gbogbo rẹ̀, igi, páànù, owó iṣẹ́. Àtẹ́wọ́ sọ. Mo dìde, mo ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?” Gbọ̀ngàn náà dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n jókòó, pé ṣé mo fẹ́ kí òjò pa wá tán ni. Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá wa tó dàgbà jù ló wá sọ pé kí wọ́n pe ọmọ náà lórí fóònù, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí owó ti ń wá, bí ó bá sì sọ ọ́ tó sì dára, kí gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí èmi náà dọ̀bálẹ̀ fún un. Wọ́n pè é. Ó ní òun máa pè padà.

Kò tíì pè. Olórí ẹbí ti ní kí ojúlé kọ̀ọ̀kan máa dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún lóṣooṣù, kí a fi apá kan òrùlé náà bẹ̀rẹ̀ ná. Àwọn kan ti san, àwọn kan ní ẹni tó lé owó lọ ni kó san án, àwọn méjì kan kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.